Ìwé Ìdánwò Tí Wọ́n Ká sí Mẹ́ta

Lẹ́tà náà kò ju ìlà mélòó kan lọ. Ọ̀gá Ìdánwò ní yunifásítì kan ti kà á tó ìgbà mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ náà, síbẹ̀ ó tún gbé e sókè, ó sì kà á sí Adákẹ́ létí.

"'Mo ti gba ìwé èsì ọmọ mi tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo rí i pé ó ti yege nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìjókòó kan sílẹ̀ fún mi ní Sátidé tí ẹ óò fún wọn ní oyè. Mo fẹ́ wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá ń gun orí pèpéle.'"

Ó gbé lẹ́tà náà kalẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù nu ọrùn.

"Kí ló burú níbẹ̀?" ni Adákẹ́ béèrè.

"Ọmọ náà ti kú, mà. Ọdún kẹsàn-án rèé."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Adákẹ́, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àwọn ọ̀daràn ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. Bó bá ti béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀, á jókòó, á máa wò ọ́, títí ìdákẹ́jẹ́ náà yóò fi sú ọ tí wàá sọ òótọ́. Ó wo Ọ̀gá Ìdánwò báyìí, kò sì pẹ́ tí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ni ọmọ náà. Oníṣirò ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó ti ṣe tán ní ti ìṣirò. Ohun tó kù fún un kò ju kọ́ọ̀sì gbogboogbò kan ṣoṣo. Ní yunifásítì náà, ohunkóhun tó wù kí akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ́, ìbáà ṣe òfin tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ, kò lè gba oyè láìyege nínú àwọn kọ́ọ̀sì tí gbogbo ayé jọ ń ṣe. Oníṣirò kò rí èsì ti ìmọ̀ ìkọ̀wé gbà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gboyè, wọ́n lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rí bàtà rẹ̀ àti àpò ìwé rẹ̀ lórí afárá tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi wá odò náà, wọn kò rí nǹkan kan.

"Wọn ò rí òkú, nítorí náà kò sí ìwé ẹ̀rí ikú," ni Ọ̀gá Ìdánwò wí. "Kò sí ìwé ẹ̀rí ikú, nítorí náà a ò lè pa fáìlì rẹ̀ dé. Láti ọdún méje sẹ́yìn, ìwé ìdánwò kan ń wọlé lọ́dọọdún pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ó ti parí kọ́ọ̀sì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí òfin tuntun ní kó ṣe báyìí. Kọ̀ǹpútà ti fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn tó máa gboyè."

"Ọdún méje, kò sì sẹ́ni tó fura?"

"Mà, àwọn tó ń ṣe kọ́ọ̀sì wọ̀nyí lé ní ẹgbẹ̀rin nínú gbọ̀ngàn kan. Nọ́ńbà là ń rí. A kì í rí èèyàn."

Ìwé ìdánwò méje wà lórí tábìlì. Adákẹ́ fà wọ́n mọ́ra, ó ń wo máàkì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kọ́ọ̀sì mẹ́fà, ìwé méje. Ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìṣirò fún gbogboogbò. Mẹ́rìndínlógójì ló gbà. Ó tún un ṣe lọ́dún kejì, ó gba mẹ́tàlélógójì."

"Kí lẹ ní ọmọ yìí wá kọ́ níbí?"

"Ìṣirò, ..." Ọ̀gá Ìdánwò wo ìwé tó gba mẹ́rìndínlógójì náà. Nígbà tó máa tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Bóyá wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan níbẹ̀."

"Níbo?"

Ọ̀gá Ìdánwò tún nu ọrùn.

Adákẹ́ gbé ìwé kan sí ojú fèrèsé. Ojú ìká méjì là á kọjá láti ọ̀tún dé òsì, bí ìgbà tí èèyàn bá ká bébà sí mẹ́ta. Ó wo èkejì. Bákan náà. Gbogbo méjèèje ló rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Ọ̀gá Ìdánwò fún òun ní ìwé ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, èyíkéyìí tó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ogún ni ó yẹ̀ wò. Gbogbo wọn ló tẹ́jú pẹrẹsẹ.

"Ẹ bá mi wá ẹni tó mójú tó ìdánwò ìkẹyìn," ni ó wí.

*

Gbọ̀ngàn náà ga, ó sì tutù bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́kọ́ wọlé ni wọ́n ń pín in fún un, kì í sì í yí padà títí yóò fi jáde. Igba ó lé mẹ́sàn-án ni ti Oníṣirò, lẹ́bàá òpó kẹrin. Eruku kò sí lórí rẹ̀. Ẹnì kan ti gbé bíírò tuntun kan sórí tábìlì rẹ̀.

"Àwọn ọmọ ló ń gbé e síbẹ̀," ni obìnrin amójútó náà wí. Olùkọ́ ìtàn ni, ẹni tó rù, tó ń rọ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. "Bí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á ní 'Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n.' Mo ti bá wọn wí títí, ẹnu mi ti bó."

"Lọ́jọ́ ìdánwò, ta ló jókòó síbẹ̀?"

"Kò sí, mà."

Adákẹ́ dákẹ́.

"Mo ní kò sí! Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yìí fún wákàtí mẹ́ta. Òfìfo ni." "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Ọ̀gá gbọ́. Mo ka orí àwọn ọmọ: ẹgbẹ̀rin ó lé mọ́kànlá. Mo ka ìwé: ẹgbẹ̀rin ó lé mọ́kànlá. Mo fi okùn dì í, mo fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ìwé tí wọ́n dá padà fún mi láti ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ sọ pé ẹgbẹ̀rin ó lé méjìlá ni. Mo rò pé mo ṣì í kà ni. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kà, mi ò ṣì í kà rí. Ojú tì mí, mo fọwọ́ sí i."

"Ẹ ò ṣì í kà," ni Adákẹ́ wí.

Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n obìnrin náà jókòó sórí ìjókòó tó sún mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Lẹ́yìn ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ẹ̀yìn ìjókòó tó jókòó sí, ó sì fò dìde. Igba ó lé mẹ́jọ ni, kì í ṣe igba ó lé mẹ́sàn-án. Ó mí kanlẹ̀.

*

"Ẹ lọ wo àbúrò Oníṣirò," ni Ọ̀gá Ìdánwò ti ń sọ láti àárọ̀. "Ó wà níbí, ọdún kejì rẹ̀ rèé. Ojú kan náà ni wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn rí òkú nínú gbọ̀ngàn. Òun ni wọ́n ń rí. Ta ló tún lè ṣe irú nǹkan báyìí bí kò ṣe òun?"

Adákẹ́ bá ọmọ náà ní yàrá ìkàwé, ó ti fi ìwé ńláńlá mẹ́rin mọ odi yí ara rẹ̀ ká.

"Ọlọ́pàá ni mí."

"Mo mọ̀. Ẹ ti pẹ́ kí ẹ tó dé." Kò gbójú sókè. "Ṣé wọ́n ti sọ fún yín pé èmi ni?"

"Wọ́n ti sọ."

"Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó, mà. Ọmọ ogún ọdún ni mí. Ọdún méje sẹ́yìn, mo wà ní ìwé kejì girama, mo ń gba òdo nínú àròkọ. Ìdánwò ọdún yìí ńkọ́? Mo jókòó sí ojú ìlà àkọ́kọ́, mo ń ṣe tèmi. Àbí mo lè fi ọwọ́ ọ̀tún kọ tèmi, kí n fi tòsì kọ ti ẹ̀gbọ́n mi?"

"O lè bẹ ẹlòmíràn."

"Kí n wá rí kí ni gbà?" Ọmọ náà pa ìwé tó wà níwájú rẹ̀ dé gbà. "Ẹ mọ nǹkan tí ìwé èsì yẹn ń ṣe nínú ilé wa? Lọ́dọọdún, apínlẹ́tà á dé. Ìyá wa á jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á di í mú, kò ní sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kì í ti ilẹ̀kùn, mà. Ọdún kẹsàn-án. Ilẹ̀kùn iwájú, tọ̀sán-tòru, ó wà ní ṣíṣí. Olè ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Mo ra kọ́kọ́rọ́ tuntun, ó gbé e sínú àwo bọ́tìnnì. Kò lè yé yín. Ó ń dúró de ẹnì kan. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń ṣe èyí, ẹ má mú un lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ẹ mú un wá bá mi."

Adákẹ́ wò ó pẹ́.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe fún ìyá rẹ?"

Ìbínú ọmọ náà rọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Kó ti ilẹ̀kùn," ni ó wí. "Kó ṣáà ti ilẹ̀kùn, kó sùn."

*

Ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà kan tí kò ní fèrèsé. Akọ̀wé tó ń ṣàkóso rẹ̀ ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ó sì wọ kóòtù tí ìgbòòrò àpò rẹ̀ tó apá. Padà-Wá-Lọ́la ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, kódà lójú ara rẹ̀.

Àwọn mẹ́fà tò síwájú fèrèsé rẹ̀. Adákẹ́ dúró sẹ́yìn wọn bí ẹni tó wá gba nǹkan.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Padà-Wá-Lọ́la. Máàkì mi fún ìmọ̀ ìlera ò hàn."

"Dúró níbẹ̀." Akọ̀wé náà dìde, ó wọ àárín àwọn kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ó fa dúrọ́ọ̀ mẹ́rin, ó padà wá pẹ̀lú bébà. "Mẹ́rìnléláàádọ́ta. Olùkọ́ rẹ kọ ọ́ sí ìlà ẹlòmíràn. Mo ti tún un ṣe. Ẹni tó kàn."

"Bàbá, èmi lè padà wá lọ́la o, kò sí wàhálà—"

"Rárá! Lónìí. O ò ní kúrò níbí láìgbà á."

Adákẹ́ fọwọ́ kan èjìká ọmọ tó wà níwájú rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ fi ń pè é bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ o, mà. Orúkọ tí a bá níbí ni. Àwọn tó ṣáájú wa ló sọ ọ́. Àwa gan-an ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí."

Adákẹ́ kò tò mọ́. Ó jáde síta, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì rò ó.

Wọn kò kọ ìwé náà nínú gbọ̀ngàn. Òfìfo ni ìjókòó. Ìwé tí wọ́n kọ níbòmíràn, tí wọ́n wá fi kún ìdì, ẹnì kan ní láti gbé e rìn láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Tí ó bá ká a sí mẹ́ta, á wọ inú àpò kóòtù. Àwọn amójútó ń yí padà lọ́dọọdún. Awakọ̀ tó ń kó ìdì náà, mẹ́ta ló ti jẹ láàárín ọdún méje. Ẹni tó ń gba ìdì, tó ń tún un kà, tó sì ń tọ́jú ìwé ìfọwọ́sí, ẹnì kan náà ni.

Ohun mìíràn tún wà. Nínú ìwé méjèèje, ẹni náà fi rúlà fa ìlà sí apá òsì ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó fo ìlà kan láàárín ìlà méjì, ó kọ nọ́ńbà sókè ewé gbogbo, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ nígbà tó parí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú gbọ̀ngàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi pín-ìnnì so ìwé rẹ̀ pọ̀, aago sì ń lé e. Ẹni tó ń fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn ló ń kọ nọ́ńbà sí gbogbo ewé, nítorí pé ewé kan lè já sọnù lọ́nà. Òun náà ló ń fi àyè sílẹ̀ kí olùkọ́ tí kò rí rí lè rí ibi kọ àtúnṣe sí.

Ẹ̀kọ́ onílẹ́tà. Ẹni náà kò jókòó nínú kíláàsì. Inú àpòòwé ni wọ́n ti kọ́ ọ.

*

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú ká, Adákẹ́ wọlé, ó sọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Mo fẹ́ kí ẹ bá mi kọ ọ̀nà tí ìwé ìdánwò ń gbà láti gbọ̀ngàn dé ọ̀dọ̀ olùkọ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Mo ń dúró."

"Kò nira." Ó fa bébà jáde. Ó tún fa rúlà jáde.

Adákẹ́ ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìlà sí apá òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ó ń fo ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ewé kejì, ó kọ nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ sókè. Ewé kẹta, ó tún kọ ọ́. Ó fa ìlà méjì sábẹ́. Ó mú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó ká wọn sí mẹ́ta, ó fi èékánná tẹ ojú ìká náà, ó sì nà án sí i.

Adákẹ́ kò gbà á. Ó fa ìwé méje láti inú àpò rẹ̀, ó tò wọ́n síwájú ọkùnrin náà, ojú ìká wọn ṣe déédéé.

Wọ́n ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti yàrá kejì. Ó tẹ̀, ó tẹ̀, ó dákẹ́.

"Ìwé rẹ̀ sọnù lọ́wọ́ mi," ni Padà-Wá-Lọ́la wí níkẹyìn. "Òun kọ́ ló sọ ọ́ nù. Ó ṣe ìdánwò ìmọ̀ ìkọ̀wé yẹn, ó fi ìwé sílẹ̀, olùkọ́ máàkì rẹ̀, mo sì fọwọ́ gbà á padà. Ó wá ní Mọ́ńdè kan, ó ní èsì òun ò hàn. Mo ní kó padà wá lọ́la. Ó wá ní Túsìdeè. Mo ní ọ̀la. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló fi wá, mà. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi." Ó na ìka sí fèrèsé. "Níbẹ̀ yẹn."

"Ẹ wá a títí, ẹ ò rí i."

"Mi ò wá a." Ó gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ìyẹn ló ń pa mí. Mi ò dìde lórí àga lọ́jọ́ kan ṣoṣo láti wá a. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n wá kun yàrá yìí, wọ́n ti kọ́bọ́ọ̀dù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ara ti ògiri bí ẹni tó ń dúró."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí dúrọ́ọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìwé ìdánwò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó tẹ́jú, ó ti pọ́n létí. Wọ́n ti fi yíǹkì pupa máàkì rẹ̀: mọ́kànlélọ́gọ́ta.

"Ó yege," ni Adákẹ́ wí.

"Ó yege. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í gba èsì tó ti ju ọdún méjì lọ. Wọ́n sì ti yí ètò padà: ẹnikẹ́ni tí kò tíì gboyè gbọ́dọ̀ ṣe kọ́ọ̀sì mẹ́fà tuntun, wọn ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò nínú ìṣirò. Ǹ bá lọ sọ fún ọ̀gá. Ojú tì mí. Mo ní kí n bá a ṣe é."

"Ẹ wo ìwé kọ ọ́?"

"Rárá o!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. "Bí àwọn yòókù bá ń ṣe tiwọn nínú gbọ̀ngàn, mo máa ń ti ilẹ̀kùn yìí, mo máa ń gbé aago síwájú. Wákàtí mẹ́ta, bíírò kan, kò sí ìwé. Mi ò ní jẹ́ kó yege lọ́nà ẹ̀bùrú. Odidi ọdún kan ni mo fi ń kàwé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò ló lù mí bolẹ̀. Ìmọ̀ ìkọ̀wé ni mo fi sí ìkẹyìn, nítorí ẹ̀rù ń bà mí." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Mo rò pé bó bá gboyè, yóò kúrò níwájú fèrèsé yẹn."

"Ẹ mọ̀ pé wọ́n ń fi ìwé èsì ránṣẹ́ sí ilé?"

"Èsì wo?"

"Kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀ ẹ́, apínlẹ́tà ló ń gbé e lọ. Méje. Ìyá rẹ̀ kò ti ilẹ̀kùn láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn."

Ọkùnrin náà dìde, ó wá ọ̀nà àbájáde bí ẹni tí kò mọ yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ṣé mo lè lọ bá a?" ni ó béèrè. "Kí n dọ̀bálẹ̀. Kí ẹ tó mú mi lọ."

"Màá bi í."

"Fáìlì mẹ́ta ṣì wà lórí tábìlì mi. Àwọn ọmọ náà ń dúró."

"Ẹ parí wọn," ni Adákẹ́ wí. Ó mú ìwé tó tẹ́jú náà, kò ká a.

*

Adákẹ́ àti àbúrò Oníṣirò jọ lọ sí ilé wọn ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Lójú ọ̀nà ló sọ ohun gbogbo fún un. Ọmọ náà kàn ń yára rìn sí i.

Ilé náà wà ní ìparí àdúgbò tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá wọn jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dojú kọ ìta.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

"Ẹ wọlé, kò sí títì níbẹ̀." Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Adákẹ́, ó sì dá ẹ̀rọ dúró. "Ẹ ti rí i."

"Ta ni, mà?"

"Ẹni tó ń kọ ọ́. Ẹ má ṣe mí bí ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́."

Àbúrò náà yí padà pìrì. "Màmi! Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òun?"

"Láti ọjọ́ tó gba mẹ́rìndínlógójì nínú ìṣirò." Ìyá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tó ń bá mi ṣírò bọ́tìnnì ogún ṣẹ́ẹ̀tì nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ kò tíì hù! Mẹ́rìndínlógójì! Mo ní, háà, ọmọ ọlọ́mọ lèyí. Ìgbà mẹ́rin ni mo lọ sí tésàn. Wọ́n ní ìwé èsì kì í ṣe ẹ̀rí ọ̀ràn. Ni mo bá kọ̀wé bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú, mo ní mò ń bọ̀ wá jókòó. Bí arúgbó bá ti fẹ́ wá da ayẹyẹ wọn rú, wọ́n á wá ọlọ́pàá."

Adákẹ́, tó ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ọlọ́gbọ́n lẹ́nu wò láti ọgbọ̀n ọdún, tẹrí ba díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ìtàn náà, kò fi nǹkan pamọ́: ọjọ́ mọ́kàndínlógún, fèrèsé, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó sọ orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe ọkùnrin náà. Ìyá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórí aṣọ tó ń rán.

"Ó fìdí rẹmi àbí ó yege? Èyí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe."

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta, mà. Ọ̀gá Ìdánwò ti gbà láti pa ìwé méjèèje yẹn rẹ́, kó sì fi èyí wọlé lábẹ́ òfin ọdún tó ṣe é. Wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ ní Sátidé."

Ó gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ìyá náà wá awò rẹ̀, kò rí i, ó sì nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Kà á."

Àbúrò náà kà á. Wọ́n ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ilé wọn. Oníṣirò kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó kọ iye yàrá, iye fèrèsé, iye ìṣísẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé. Ní ìparí ló kọ pé:

"'Ilẹ̀kùn iwájú wa máa ń ké bí ewúrẹ́ bí wọ́n bá ń tì í. Ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi epo sí i. Ó ní igbe yẹn lòun fi ń mọ̀ pé gbogbo wa ti wọlé. Bí ẹnì kan bá ṣì wà níta, kì í tì í.'"

Lábẹ́ rẹ̀, olùkọ́ ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́ pé: *O ṣe dáadáa. Kọ ọ́ gùn jù báyìí lọ nígbà mìíràn.*

Ìyá náà gba ìwé padà, ó gbé e lé àyà, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ìtànṣán oòrùn fi kúrò lára ẹ̀rọ tó sì dé ẹsẹ̀ ògiri.

"Ó fẹ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún yín," ni Adákẹ́ wí ní ẹnu ọ̀nà. "Kí ni kí n sọ fún un?"

Ìyá náà wo ilẹ̀kùn.

"Ẹ sọ fún un kó padà wá lọ́la."

Adákẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Oòrùn ṣì wà lókè, àwọn èèyàn ṣì ń lọ ń bọ̀ ní títì. Kò tíì dé géètì nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀, igbe kan tó gùn, tó ti dógùn-ún, bíi ti ewúrẹ́.